Èdè Ẹ̀gà: Àlàyé Lórí Bíbá Ẹyẹ Ẹ̀gà Gbé ní Àsìkò Ìtẹ́ Kíkọ́

Ìfáárà

Kò sí ìlú tàbí abúlé ilẹ̀ Yorùbá tí ẹyẹ ẹ̀gà ṣàjèjì sí. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, wọn a rọ́ wọ inú agboolé, wọn a bà sórí ọ̀pẹ, igi àgbọn tàbí igi mìíràn tó wà nítòsí ilé, wọn a sì so ìtẹ́ mọ́ ọn yíká. Ìtẹ́ orí igi kan ṣoṣo lè ju 100 lọ. Láti ìdájí ni ariwo wọn ti ń gba àdúgbò kan, wọn a sì máa ya ewé igi náà títí imọ̀ rẹ̀ yóò fi ku ọ̀pá lásán. Ohun tó ń mú kí onílé mìíràn gbé àdá tàbí àáké nìyí. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ẹ̀gà ń fọ èdè rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ ló ní ó ń pàtótó. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹni tó bá gbọ́ èdè náà yóò mọ ìgbà tó yẹ kí ó lé ẹ̀gà àti ìgbà tó yẹ kí ó ṣe sùúrù.

Ohun tí Ariwo Ẹ̀gà Ń Sọ

Akọ ẹ̀gà, aláwọ̀ ìyeyè tí orí rẹ̀ dúdú, ni í hun ìtẹ́. Akọ kọ̀ọ̀kan ní apá kan lára ẹ̀ka igi tó gbà gẹ́gẹ́ bí sàkáánì tirẹ̀, kò sì ní í gba akọ mìíràn láàyè níbẹ̀. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ariwo wọn jẹ́ ìkìlọ̀ fún aládùúgbò tó fẹ́ kọjá ààlà, tàbí tó fẹ́ fa koríko yọ lára ìtẹ́ onítẹ̀ẹ́, nítorí olè jíjà wọ́pọ̀ láàrin wọn.

Apá kejì jẹ́ ìpè. Bí akọ bá hun ìtẹ́ tán, yóò dorí kodò sí ẹnu ìtẹ́ tó kọjú sísàlẹ̀, yóò máa lu apá rẹ̀ méjèèjì, yóò sì máa ké pe abo. Abo yóò wọlé yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò bá tirẹ̀ lọ. Ìtẹ́ tí abo kò bá gbà títí ewé rẹ̀ fi gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò sì hun òmíràn tútù sójú kan náà. Ìdí nìyí tí ewé yíya kì í fi tán. Òun náà ló fà á tí fífi ọ̀pá gbọn ìtẹ́ dànù lójoojúmọ́ kì í fi ṣe onílé ní àǹfààní: ẹyẹ tí wọ́n gba ìtẹ́ rẹ̀ yóò tún ya ewé mìíràn.

Apá kẹta ni igbe ìdágìrì. Bí àṣá tàbí ejò bá yọ, ohùn wọn a yí padà, wọn a sì fò kúrò lórí igi lẹ́ẹ̀kan náà.

Nicholas Collias àti Elsie Collias, tọkọtaya onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìṣe ẹ̀gà, ìwé wọn lórí ìtẹ́ kíkọ́ sì jáde ní 1984. Wọ́n fi hàn pé ìtẹ́ híhun kò dá lórí àmútọ̀runwá nìkan. Ọ̀dọ́ akọ a máa fi ìdánrawò kọ́ iṣẹ́ náà, ìtẹ́ àkọ́hun rẹ̀ kì í sì í gún régé.

Ẹyin àti Ọmọ

Abo tó bá gba ìtẹ́ yóò kó koríko múlọ́múlọ́ àti ìyẹ́ sínú rẹ̀. Ẹyin méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń yé. Òun nìkan ni yóò sàba lé wọn fún nǹkan bí ọjọ́ 12. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa, ọmọ yóò lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó fò. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni gbogbo rẹ̀ fún ìtẹ́ kan.

Ọgbọ́n Gbígbé Pọ̀

Onílé tí kò bá fẹ́ ẹ̀gà lórí igi kan gbọ́dọ̀ tètè ṣe é. Kí ó re ọwọ́ igi náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí kí ó já òrùka koríko tí akọ fi ń pilẹ̀ ìtẹ́ ní kété tó bá fojú hàn, kí ó sì fi igi mìíràn sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí abo bá ti ń kó ìyẹ́ wọlé, àmì nìyí pé ẹyin ti dé tàbí pé ó kù sí dẹ̀dẹ̀. Àdá tó bá ṣe iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ọmọ òrofó lásán kọ́ ni yóò já bọ́. Ìdílé odidi ni. Nígbà ọyẹ́, tí ìtẹ́ bá ti ṣófo, a lè gbá wọn dànù láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹjọ́ àgbẹ̀ wúwo ju ti onílé lọ, nítorí ẹ̀gà a máa jẹ àgbàdo, ìrẹsì àti ọkà bàbà. Kò sẹ́ni tó lè ní kí àgbẹ̀ káwọ́ gbera. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ọmọ ọkà ń gbó ni ewu náà pọ̀ jù. Ìgbà náà ni kí aṣọ́yẹ wà lóko pẹ̀lú kànnàkànnà, kí agolo máa dún lórí okùn, kí àwọ̀n sì bo oko kékeré. Májèlé kò yẹ, nítorí kì í mọ ẹ̀gà yàtọ̀ sí adìyẹ. Kí àgbẹ̀ rántí pẹ̀lú pé kòkòrò ni ẹ̀gà fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀ jù lọ, kòkòrò tí ìbá jẹ irè oko.

Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé òkè yìí fi hàn pé ariwo ẹ̀gà ní ìtumọ̀, ó ní ààlà, ó sì ní ìgbà. Ẹni tó bá mọ ìgbà náà kò ní fi ìbínú gé ọ̀pẹ tó ń fún un ní epo nítorí àlejò tí yóò lọ bí òjò bá dáwọ́ dúró. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Agboolé náà tó ènìyàn àti ẹ̀gà gbé, bí olúkúlùkù bá mọ ààlà ẹnìkejì rẹ̀.