Kòtò Ojú Ọ̀nà Mọṣáláṣí: Ẹ Fi Fóònù Yín Fi Tó Káńsù Létí

Mùsùlùmí tó bá ti ń jókòó síbi wáàsí mọ̀ pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka mímú ohun tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ara ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀gún tàbí ẹ̀ka igi ni, ọwọ́ wa tó o. Ṣùgbọ́n nílùú London àti káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, ohun tó ń gbé àwọn àgbà wa ṣubú lọ́nà ìrun àsúbà kì í sábà jẹ́ ẹ̀gún. Òkúta ẹ̀bá títì tó ti yẹ̀ ni, tàbí iná òpópónà tó ti kú tipẹ́, tàbí tìmùtìmù àtijọ́ tí ẹnì kan wọ́ jù sí ojú ọ̀nà. A ò lè kó símẹ́ńtì dání lọ tún títì ìjọba ṣe. Káńsù ló ni iṣẹ́ yẹn. Ohun tó kù sọ́wọ́ wa ni kí a jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Láti ọdún 2007 ni àjọ kan tí kì í ṣe ti èrè, mySociety, ti gbé FixMyStreet jáde fún iṣẹ́ yìí. Ẹ lè lò ó lórí ìkànnì ayélujára, ó sì ní áàpù orí fóònù. Ẹ ó tẹ postcode tàbí orúkọ òpópónà sí i, máàpù á yọ, ẹ ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ gan-an. Ẹ ó yan irú ìṣòro tó jẹ́, ẹ ó ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ó kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, ó parí. Áàpù náà á fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ni ọ̀nà ọ̀hún, á sì gbé e sójú táyé níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Ọ̀pọ̀ káńsù náà ti ní áàpù tiwọn, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ lò.

Ibi tí àwọn èèyàn wa ti máa ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ọ̀nà. Ẹ wo Old Kent Road tí gbogbo wa mọ̀. Àgbègbè káńsù Southwark ni, ṣùgbọ́n òpópónà náà fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fa ìlà pupa sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, TfL tó ń bójú tó ìrìnnà London ló sì ń tún un ṣe. Bí ẹ bá yà kúrò níbẹ̀ wọ àdúgbò, ó di ti káńsù. Ní àwọn agbègbè kan lẹ́yìn òde London, káńsù méjì ló tún ń pín iṣẹ́: ọ̀kan ń tún títì ṣe, èkejì ń kó pàǹtí. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi máa ń tẹ káńsù láago, tí wọ́n á ní kì í ṣe tiwọn, tí á sì bínú pa fóònù. Áàpù náà ń fi ibi tí ẹ tọ́ka sí àti irú ìṣòro náà mọ ibi tó yẹ kí ó fi ránṣẹ́ sí.

Ẹnì kan lè ní, kí wá ni àǹfààní rẹ̀ nígbà tí káńsù kì í tètè dáhùn? Àǹfààní rẹ̀ wà nínú òfin. Highways Act ti ọdún 1980, tó ń ṣiṣẹ́ ní England àti Wales, sọ ọ́ di dandan ní apá 41 pé kí àwọn tó ni ọ̀nà máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ kòtò tó sì fi kán lápá lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n apá 58 òfin kan náà fún wọn láyè láti wí àwíjàre pé àwọn ti ṣe ìtọ́jú tó yẹ, lára ohun tí kóòtù sì máa wò ni bóyá wọ́n mọ̀, tàbí bóyá ó yẹ kí wọ́n mọ̀, pé ibẹ̀ léwu. Bí gbogbo jámáà bá ń yà fún kòtò kan lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, tí oníkálukú ń rò pé ẹlòmíràn á ti sọ, ọjọ́ tí ìyá àgbà kan bá ṣubú síbẹ̀, káńsù lè ní àwọn ò gbọ́. Ìròyìn kan ṣoṣo tó ní déètì, aago àti fọ́tò ti mú ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lẹ́nu wọn. Ó jọ ohun tí àwọn àfáà wa ń pè ní fàrílù kífáyà: bí ẹnì kan bá ṣe é, ó kúrò lọ́rùn àwọn yòókù, bí gbogbo wa bá dákẹ́, ọrùn gbogbo wa ló wà. A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè máa fi irọ́ wá owó gbà-máà-bínú kiri o. Ìyẹn háràmù ni.

Bí ẹ ṣe kọ ìròyìn náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ káńsù máa ń wo bí kòtò ṣe jìn tó kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n á tètè dí i, nǹkan bí mílímítà 40 ni wọ́n sì sábà máa ń lò fún ojú títì. Nítorí náà, ẹ fi bàtà tàbí ìgò omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò kí wọ́n lè rí bó ṣe tóbi tó. Bó bá jẹ́ iná òpópónà ni, nọ́ńbà wà lára òpó rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí i. Ẹ sọ ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú: arúgbó, ọmọ iléèwé, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. "Ọ̀nà yìí burú gan-an" kò ran òṣìṣẹ́ káńsù lọ́wọ́ rárá.

Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ayé lè kà á, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú èèyàn tàbí nọ́ńbà ọkọ̀ ẹnikẹ́ni hàn nínú fọ́tò. Ẹ lè ní kí wọ́n má ṣe gbé orúkọ tiyín jáde. Ìjà aládùúgbò kò sí lára ohun tí wọ́n ṣe é fún, ohun tó bá sì jẹ́ pàjáwìrì kò gbọ́dọ̀ gba orí áàpù kọjá: 999 ni kí ẹ pè, bó bá sì jẹ́ òórùn gáàsì ni, 0800 111 999.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò dùn ún sọ. Àwọn aládùúgbò wa náà ní fóònù. Bí a bá kírun Yidi tán, tí abọ́ oúnjẹ àti ike omi wà nílẹ̀ káàkiri, tí ọkọ̀ wa dí ẹnu ọ̀nà ilé wọn, àwa ni wọ́n máa fi sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni sófà tí a gbé síta lóru nígbà tí a ń kó kúrò nílé. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ọdún 1990 tó ń dáàbò bo àyíká, bẹ́ẹ̀, káńsù ń wá kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nílé fún ẹni tó bá bá wọn ṣètò rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, FixMyStreet á fi ímeèlì béèrè lọ́wọ́ yín bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Ẹ dáhùn. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, ẹ kọ̀wé sí kánsẹ́lọ̀ àdúgbò yín pẹ̀lú líǹkì ìròyìn náà. Bí ìyẹn náà kò bá so èso, ẹ kọ ẹ̀sùn sí káńsù fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti gba gbogbo ìpele ẹ̀sùn wọn kọjá, ní England, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ Ombudsman tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn káńsù, kò sì gba owó.

Àwọn bàbá àti ìyá wa tí kò mọ áàpù lò kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Ọ̀dọ́ kan lè jókòó lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ láti bá wọn fi ránṣẹ́, wọ́n sì lè tẹ káńsù láago. Bó bá jẹ́ ti aago, kí wọ́n rí i pé wọ́n gba nọ́ńbà ìtọ́kasí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì ọjọ́ náà.