Bọ́ọ̀lù Ilé-Ìwé àti Orúkọ inú Rẹ́jísítà

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí òwe yìí ti kan ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni ó kan ilé-ìwé. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ilé-ìwé kan bá kó jáde lọ pàdé ilé-ìwé mìíràn ni ẹ̀ṣọ́ tí ó gbé ròde. Àwọn òǹwòran tí kò mọ olùkọ́ ibẹ̀, tí wọn kò sì rí èsì ìdánwò ibẹ̀ rí, ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n rí lórí pápá ni wọn yóò fi mọ irú ilé tí wọ́n ti wá. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó tọ́ láti bi irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé, "Ǹjẹ́ ẹ borí?" Ohun tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Ta ni yín?"

Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí ti yẹ ju ìlú bí Orè lọ. Orè ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú Odígbó, tí kò jìnnà sí i, ni a fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ náà lórúkọ. Oríta ńlá ni Orè. Ọ̀nà tí ó ti Èkó wá tí ó ń lọ sí Benin gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ kan náà ni ẹni tí ó ń lọ sí Òǹdó àti ẹni tí ó ń lọ sí Òkìtìpupa ti ń pínyà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba ilẹ̀ Midwest kọjá títí wọ́n fi dé Orè, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn padà. Láti ìgbà náà ni gbólóhùn náà, "Ó le kú, ìjà Orè," ti di àṣà ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn Yorùbá, tí wọ́n fi ń júwe ohunkóhun tí ó bá le kọjá sísọ. Bí ilé-ìwé méjì bá sì wọ̀yá ìjà lórí pápá, gbólóhùn náà kò ṣàjèjì lẹ́nu òǹwòran. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé ní oríta mọ ohun kan tí ará ìgbèríko lè má tètè mọ̀: ó ṣòro láti fi ojú lásán ya ọmọ ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára èrò ọ̀nà.

Kí ni à ń pè ní sáà bọ́ọ̀lù?

Ẹni tí ó bá wo ìdíje lọ́jọ́ àṣekágbá nìkan lè rò pé ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìpele mẹ́rin ni sáà bọ́ọ̀lù ilé-ìwé ní. Èkíní ni yíyàn, nígbà tí olùkọ́ tí ó ń mójú tó eré ìdárayá yóò pe àwọn ọmọ tí ó nífẹ̀ẹ́ sí bọ́ọ̀lù jọ, tí yóò wo ẹsẹ̀ wọn àti ìwà wọn, tí yóò sì ṣa àwọn tí ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Èkejì ni ìforúkọsílẹ̀, nígbà tí a ó kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kíláàsì rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ń ṣe kòkárí ìdíje. Ẹ̀kẹta ni ìgbaradì: sísáré ní ìdájí, gbígbá bọ́ọ̀lù sí ara ẹni nírọ̀lẹ́, àti kíkọ́ láti gba ìpinnu rẹfirí láìjanpata. Ẹ̀kẹrin ni ìdíje fúnra rẹ̀. Nínú ìdíje bí irú èyí tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ń fi ife sílẹ̀ fún, àwọn ilé-ìwé àdúgbò ni yóò kọ́kọ́ kojú ara wọn, ẹni tí ó bá borí yóò tẹ̀ síwájú, ẹni tí a bá borí yóò sì di òǹwòran títí di ọdún tí ń bọ̀.

Nínú àwọn ìpele mẹ́rin wọ̀nyí, èkejì ni kò ní ariwo rárá. Kò sí ìlù, kò sí àtẹ́wọ́; tábìlì àti kálàmù nìkan ni. Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni a ti ń jẹ ife tàbí kí á pàdánù rẹ̀.

Agbábọ́ọ̀lù àyálò

Nítorí pé ìfìdírẹmi kan ṣoṣo lè fọ́ iṣẹ́ ọdún kan túútúú, ìdánwò kì í pẹ́ yọjú. Ẹnì kan yóò wá sọ pé òun mọ ọmọkùnrin kan ní gáréèjì, tàbí ní ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, tí bọ́ọ̀lù kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n a wọ yunifọ́ọ̀mù fún un. Wọ́n a fi orúkọ ọmọ mìíràn pè é. Wọ́n a tilẹ̀ kọ́ ọ ní orúkọ ọ̀gá ilé-ìwé, kí ó má baà ṣì í pè bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ní nígbà náà ni a lè pè ní agbábọ́ọ̀lù àyálò.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀rọ̀ àyálò. Ọ̀rọ̀ àyálò ni "bọ́ọ̀lù" fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni "góòlù" àti "rẹfirí." Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kì í yá ọ̀rọ̀ kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti bá a. Yóò fún un ní ohùn, yóò fi fáwẹ́lì sí ìparí rẹ̀, yóò mú un wọ inú gbólóhùn, títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi di ọmọ ilé tí ẹnikẹ́ni kò rántí ibi tí ó ti wá mọ́. Agbábọ́ọ̀lù àyálò kì í di ọmọ ilé. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn bá dún, yóò bọ́ yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀, yóò gba owó rẹ̀, yóò sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kíláàsì kankan kò retí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ta ni ó wá pàdánù? Ọmọ tí ó ti ń jí ní ìdájí láti ọjọ́ yìí wá, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà, tí ó sì wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí ó ń wo àjèjì nínú aṣọ rẹ̀, òun ni. Ọmọ náà kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ náà tí kò sí nínú ìwé kankan: pé àwọn olùkọ́ òun gbà pé irọ́ kò burú, bí ó bá ṣáà ti gbé ife wálé.

Sáà méjì ní Yunifásítì Howard

Àwọn kan a máa wí pé ọ̀rọ̀ ìwé kò kan bọ́ọ̀lù. Ó yẹ kí irú wọn gbọ́ ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Howard ní ìlú Washington. Ọdún 1867 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀, kò pẹ́ lẹ́yìn tí òwò ẹrú parí ní Amẹ́ríkà, òun sì ni ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó lókìkí jùlọ láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀. Ní ọdún 1971, Lincoln Phillips, ọmọ ilẹ̀ Trinidad tí ó ti ṣe aṣọ́lé rí, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Púpọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ni ó wá láti Trinidad, Jamaica, Bermuda àti ilẹ̀ Áfíríkà. Eré 15 ni wọ́n gbá ní sáà náà. Ẹnikẹ́ni kò borí wọn. Nínú àṣekágbá ní ìlú Miami, wọ́n fi góòlù 3 sí 2 borí Yunifásítì Saint Louis, tí ó ti gba ife náà léraléra débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogún ìdílé rẹ̀.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Àjọ NCAA, tí ó ń ṣe àkóso eré ìdárayá láàrin àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí, nígbà tí ó sì di ọdún 1973, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ 1971 lọ́wọ́ Howard, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ kópa nínú ìpele ìkẹyìn ìdíje ọdún náà. Ó yẹ kí á kíyè sí ohun tí ẹ̀sùn náà jẹ́. Wọn kò sọ pé àwọn ọmọ náà kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Òfin mẹ́ta ni wọ́n ní wọ́n rú. Èkíní dín ọdún tí ọmọ àjòjì lè fi gbá bọ́ọ̀lù kù, bí ó bá ti kópa nínú ìdíje ní ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ó pé ọmọ ọdún 19. Èkejì sọ pé ọdún 5 péré ni akẹ́kọ̀ọ́ ní láti fi gbá bọ́ọ̀lù, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga níbikíbi. Ẹ̀kẹta ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe ìdánwò kan tí yóò fi hàn bóyá ọpọlọ rẹ̀ lè gbé ẹ̀kọ́ yunifásítì.

Howard kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ẹkún. Ó gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ dá a láre lórí òfin èkíní: ó ní òfin tí ó di ẹrù ru ọmọ àjòjì nìkan, tí ó sì fi ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀, kò bá òfin ìpilẹ̀ Amẹ́ríkà mu. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ yìí ní ọdún 1975. Ṣùgbọ́n òfin méjì yòókù dúró, ife 1971 kò sì padà wálé.

Láàrin ìgbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ ni sáà ọdún 1974 dé. Ẹgbẹ́ náà gbá eré 19, ó sì borí nínú gbogbo wọn. Góòlù 63 ni wọ́n gbá wọlé. 6 péré ni wọ́n gbá wọlé tiwọn. Saint Louis kan náà ni wọ́n tún bá pàdé nínú àṣekágbá, ní ìlú Saint Louis fúnra rẹ̀, lójú àwọn onílé. Àkókò tí a là sílẹ̀ parí ní ọ̀mì, góòlù 1 sí 1. Wọ́n fi àkókò kún un, kò sí ẹni tí ó rí góòlù. Wọ́n tún fi kún un. Ní àfikún kẹrin ni Kenneth Ilodigwe, ọmọ Nàìjíríà, gbá bọ́ọ̀lù wọlé, Howard sì borí pẹ̀lú góòlù 2 sí 1. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹnikẹ́ni kò gba ife 1974 lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Bí òfin ìforúkọsílẹ̀ bá ń rẹ́ni jẹ, ilé-ẹjọ́ ni à ń gbé e lọ. A kì í fi ayédèrú orúkọ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èkejì sì ni pé bí ìwé kò bá pé, bí ẹsẹ̀ ti wù kí ó mọ bọ́ọ̀lù tó, ìwé ni yóò borí.

Ọ̀rọ̀ dé ilé

Nàìjíríà náà ti san irú gbèsè yìí rí. Ní ọdún 1989, FIFA, àjọ tí ó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní àgbáyé, lé Nàìjíríà kúrò nínú gbogbo ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún 2, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta kan tí a kọ sílẹ̀ fún Òlíḿpíìkì ọdún 1988 kò bá èyí tí a ti kọ fún wọn tẹ́lẹ̀ mu. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ti ọdún 1991, tí Nàìjíríà ìbá gbà lálejò, bọ́ sọ́wọ́ ilẹ̀ Pọ́túgà. Àwọn ọmọ tí kò purọ́ ọjọ́ orí náà jìyà rẹ̀. Ọdún méjì kì í ṣe nǹkan kékeré nínú ayé ọmọ tí kò tí ì pé ogún ọdún. Nígbà tí ilẹ̀kùn fi máa ṣí, ọjọ́ orí ti lé e kọjá.

Síbẹ̀, ilẹ̀ yìí kan náà ti fi hàn pé ìwé àti bọ́ọ̀lù lè jọ gbé inú ilé kan. Láti ọdún 1966, nígbà tí àwọn yunifásítì kọ́kọ́ pàdé ní Ìbàdàn fún ìdíje NUGA, ni a ti ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tòótọ́ tí ó ń gbé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ga lórí pápá. Pólítẹ́kíníìkì Ìbàdàn ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà kan ní ọdún 1976. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà fi góòlù 3 sí òdo borí Algeria ní Èkó láti gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, òun ni ó gbá 2 wọlé. Múdà Lawal gbá ẹyọ kan yòókù. Adokie Amiesimaka, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Èkó nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó di agbẹjọ́rò, ó sì ṣe kọmíṣọ́nà ètò ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers lẹ́yìn náà.

Iṣẹ́ ọwọ́ olùkọ́

Kí ni ó wá yẹ kí olùkọ́ ní Orè tàbí ní Odígbó ṣe nígbà tí sáà tuntun bá wọlé? Ohun mẹ́ta ni, kò sì sí èyí tí ó ń ná ni lówó nínú wọn. Kí ó fi rẹ́jísítà kíláàsì yẹ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó fi ránṣẹ́, kí ó sì rí i pé ọjọ́ ìbí tí ó wà nínú ìwé ìwọlé ọmọ náà ni ó wà nínú fọ́ọ̀mù ìdíje. Kí ó ka orúkọ àwọn tí a yàn sétí gbogbo ilé-ìwé ní àpéjọ òwúrọ̀, nítorí pé ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ mọ ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó ju ojú rẹfirí lọ. Kí ó sì pinnu ṣáájú pé bí a bá borí wọn, wọn yóò gbà pé a borí wọn, wọn yóò sì padà sẹ́nu ìgbaradì.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ṣòro jùlọ. Ìjákulẹ̀ a máa dun ni, pàápàá bí àwọn ará ìlú bá ti tò yí pápá ká. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí tán: àgbàbọ̀ ṣòkòtò kò yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a sì ṣò ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ẹgbẹ́ tí a borí lónìí, tí gbogbo orúkọ inú rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ilé, àárọ̀ ọ̀la ni yóò jókòó sí kíláàsì, nírọ̀lẹ́ ni yóò sì padà sórí pápá. Èyí tí a yá ti wọ ọkọ̀ ní oríta, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí ó gbà, bóyá ti Èkó ni, bóyá ti Benin.