Lẹ́tà Alhaja Dà?

Mo sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá ní Post Office, Ìlọrin, mo gba abẹ́ afárá kọjá, mo sì yà sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ òfì kan. Ìtì aṣọ kún ara ògiri, kọ̀ǹpútà alágbèéká há sáàárín wọn. Alhaja tó ni ibẹ̀ ò tíì kí mi tán tí wọ́n fi bọ́ sórí ẹjọ́: oníbàárà wọn kan ní London ní òun ò rí iye owó aṣọ tí wọ́n fi ránṣẹ́.

"Mo fi ránṣẹ́! Wò ó, Sent ló kọ síbẹ̀."

Ọmọkùnrin tó ń bá wọn tọ́jú kọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ó ti kúrò lọ́wọ́ yín ni Sent yẹn ń wí. Kò sọ pé ó ti dé."

Alhaja ní àwọn ti dán an wò: àwọn fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ara àwọn, ó sì wọlé wẹ́rẹ́.

"Ìyẹn ò jáde nílé, Mọ́mì. Láti yàrá bọ́ sí pálọ̀ ni."

Ó gba àdírẹ́sì Gmail mi, ó tẹ lẹ́tà kékeré kan láti orí ímeèlì ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi aago ṣe àkọlé rẹ̀: 10:42. Ó tún fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan tí kò sí níbì kankan, tí òun fúnra rẹ̀ hùmọ̀. Mo ní kí ló dé? Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tí kò ríbi wọ̀ yóò padà wá jẹ́jọ́. Kò pẹ́ tó fi padà, tòun ti àlàyé lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni bẹ́ẹ̀ ò sí.

Tèmi ńkọ́? 10:45, kò sí. 10:50, kò sí. Bí ẹ̀rọ tó yẹ kó gba lẹ́tà bá sì kú, ẹ̀rọ tó fi í ránṣẹ́ lè máa padà lọ kan ilẹ̀kùn fún ọjọ́ 4 sí 5 kó tó sọ pé ó ti sú òun. A ò lè jókòó débẹ̀.

"Ẹ wo Spam."

Ibẹ̀ ló wà. Láti 10:42 ló ti dé, ó sùn sáàárín àwọn tó fẹ́ fún mi ní owó dọ́là.

Ó ní kí n ṣí Gmail náà lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ "Show original". SPF: FAIL. Ṣọ́ọ̀bù ti pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn gbé lẹ́tà, ṣùgbọ́n orúkọ ti àtijọ́ ló ṣì wà nínú SPF, àkọsílẹ̀ tó ń sọ ẹni tó láṣẹ láti gbé e. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 tí Google àti Yahoo ti mú ọ̀rọ̀ yìí le, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ò gba "ẹ mọ̀ mí" mọ́.

Ó tún àkọsílẹ̀ náà kọ. Iná lọ. A tan jẹnẹrétọ̀, a jẹ wàrà díndín.

Ní 12:15 ó tún fi òmíràn ránṣẹ́. Inbox gan-an ló bọ́ sí. SPF: PASS. Ó ní kí n fèsì, kí n so àwòrán aṣọ mọ́ ọn, kí òun lè rí ọ̀nà àbọ̀ náà. Ó wọlé.

Lójú tèmi, ó ti parí. Alhaja ò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún fi iye owó ránṣẹ́ sí London, wọ́n gbé fóònù sétí.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé ẹ ti rí i? Rárá, mi ò ní í pa á. Ẹ ṣí i kí n máa gbọ́."