Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Owó bébà ayé ogun

Bí ẹ bá ń tú àpótí àwọn àgbà, tí ẹ rí owó bébà tí wọ́n kọ West African Currency Board sí, ẹ má sọ ọ́ nù o.

Ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà. Ṣílè onífàdákà ni wọ́n ń ná. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, fàdákà wọ́n, ni wọ́n bá tẹ bébà jáde ní 1916: ṣílè méjì, mẹ́wàá àti ogún. Ti ṣílè kan dé ní 1918. Àwọn ọlọ́jà ò fẹ́ ẹ rárá. Bébà tí òjò lè pa, tí ikán lè jẹ! Ọ̀pọ̀ ò gbà á ní iye tó wà lára rẹ̀. Ní 1920, ṣílè onídẹ wọlé.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù: wọ́n kọ Árábíìkì sí ẹ̀yìn owó bébà náà. Àwa ọmọ ilé kéwú, ẹ ò rí nǹkan!

Ti 1916 sí 1918 ló ṣọ̀wọ́n jù. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ sàn ju ọṣẹ lọ lójú àwọn tó ń kó o jọ.