Ẹran Inú Ìkarahun Aláwẹ́ Méjì: Ẹ Jẹ Ẹ́, Ẹ Ṣẹ́ Ẹ Kù

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ owó la máa ń sọ lójú ewé yìí. Lóṣù yìí, méjèèjì pàdé lára ohun kékeré kan tó ń gbé inú ẹrẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ìṣáwùrú. Ẹni tó bá ń ná ọjà Ìyànà Ìpájà á ti rí i lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta èròjà ọbẹ̀ àwọn ará Calabar àti Rivers. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ìṣáwùrú, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń gbé inú ẹrẹ̀ etí omi. Ìkarahun ìṣáwùrú gùn, ó lọ́ bí òkòtó. Ti eléyìí rí roboto, ó le bí òkúta, ilà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì jẹ́ aláwẹ́ méjì bí obì gbànja: awẹ́ kan dé èkejì lórí. Cockle ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Ní Senegal àti Gambia, pagne ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Tí ẹ bá là á láàyè, omi pupa ló máa ń jáde, nítorí pé ohun tó mú ẹ̀jẹ̀ tiwa pupa wà nínú tirẹ̀ náà. Láti Mauritania títí dé Angola ló wà, níbi tí omi odò ti ń pàdé omi òkun.

Oúnjẹ gidi ni. Ó ń mú ara dàgbà, ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ní irin tó ń fún ara lẹ́jẹ̀. Àwọn obìnrin Senegal máa ń sè é, wọ́n á yọ ẹran rẹ̀, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì tà á fún àwọn ará òkè tí kò ní òkun nítòsí. Kì í ṣe òní o. Ní ẹnu odò Saloum lọ́hùn-ún, ìkarahun tí àwọn ènìyàn ti ń jẹ dànù láti ayébáyé ti di òkìtì 218. Ní 2011, UNESCO fi ibẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé.

BÍ A TI Ń SÈ É

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi síse rẹ̀ ṣeré. Ẹ̀dá yìí kì í wá oúnjẹ kiri. Omi ló máa ń fà wọlé, á sẹ́ oúnjẹ lára rẹ̀, á tu ìyókù jáde. Tí ìdọ̀tí ṣáláńgá bá wà nínú omi, ó ń sẹ́ ìyẹn náà sára. Ní Shanghai, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988, àwọn ènìyàn jẹ irú rẹ̀ kan tí iná kò rà dáadáa. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ mú. Nítorí náà:

1. Ẹ ra èyí tó wà láàyè. Ẹnu rẹ̀ á pa dé pinpin. Tí ó bá là díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ gbá a. Tí kò bá pa dé, ó ti kú, ẹ sọ ọ́ nù.

2. Ẹ bi ẹni tó ń tà á níbi tó ti ṣà á. Èyí tó wá láti ẹnu gọ́tà tàbí ibi tí ilé-iṣẹ́ ń da omi kẹ́míkà sí, ẹ má rà á. Iná kò lè sun irú májèlé bẹ́ẹ̀ kúrò.

3. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀ kó lè tu iyanrìn inú rẹ̀, kí ẹ sì fọ ẹ̀yìn rẹ̀.

4. Tí ìkarahun bá là lórí iná, ẹ má tíì sọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 5 sí i. Èyí tí kò bá là, ẹ dà á nù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lè yọ ẹran rẹ̀ sínú ọbẹ̀ ata tàbí ẹ̀fọ́ rírò. Ẹni tí edé tàbí alákàn bá máa ń yọ lẹ́nu kó ṣọ́ra.

OHUN TÍ KÒ LÈ SÁ

Ẹja lè sá fún àwọ̀n. Eléyìí kò lè sá. Ẹni tó bá gbé agbọ̀n débẹ̀ nígbà tí omi bá fà, á ṣà á títí agbọ̀n á fi kún. Tí oníkálukú bá ń sọ pé “bí n kò bá ṣà á, ẹlòmíràn á ṣà á,” wọ́n á ṣà á títí dórí àwọn kéékèèké tí kò tíì bímọ, ilẹ̀ á sì ṣófo.

Ní 2007, àwọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní agbègbè Banjul, ní Gambia, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. TRY Oyster Women's Association ni wọ́n pè é; Arábìnrin Fatou Janha Mboob ló kó wọn jọ. Tẹ́lẹ̀, kálukú ló ń dá tirẹ̀ ṣe, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń rí. Nígbà tí wọ́n di ẹgbẹ́, wọ́n fẹnu kò pé àwọn kò ní ṣa kéékèèké mọ́, pé àwọn á máa gbin igi ẹ̀gbà etí omi, àti pé àwọn á máa fún odò nísinmi fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún. Wọ́n tún ń fi owó pamọ́ bíi tiwa. Ní 2012, ìjọba Gambia fún wọn láṣẹ láti máa ṣa ẹran ìkarahun àbàtà Tanbi, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n gba ẹ̀bùn Equator Prize. Wọ́n ti ju 500 lọ nígbà náà, láti abúlé 15.

Kò rọrùn o. Oṣù tí odò bá wà ní títì, owó ilé-ìwé ọmọ kì í dúró, ebi kì í sì í gbọ́ àlàyé. Ẹni tí kò ní owó kankan nípamọ́ kò lè pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni àfipamọ́ oṣooṣù ti wúlò.

Ẹ wo orúkọ tí à ń jẹ́: Alájẹṣẹ́kù. Ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ kù. Ohun tí a ń ṣe sí owó wa ni àwọn obìnrin yẹn ń ṣe sí odò wọn. Àwa tó ń rà náà ní ipa tiwa: tí a bá kọ èyí tó kéré jù lọ́jà, kò sẹ́ni tó máa wahala ṣà á wá.

Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ tó ń ta ẹja àti edé, ẹ jẹ́ ká ro ó pọ̀: kí ẹni bíi mẹ́wàá da owó pọ̀, kí ẹ rán ẹni méjì lọ sétí omi, kí a mọ ẹni tó ń ṣà á àti irú omi tó ti ń ṣà á. Ẹ mú èrò yín wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.

Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́