Awọ Ojú Kò Dọ́gba: Àlàyé lórí Yíyan Ìkunjú Fúyẹ́ fún Awọ Ẹni

1. Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan máa bi ara wọn pé kí ni àtíkè wá ṣe ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Lójú wọn, ọ̀rọ̀ àwọn oge ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò ó, a óò rí i pé ìmọ̀ nípa ara, ìmọ̀ nípa oògùn, ìtàn àti àṣà ni ó ń pàdé lórí ojú ẹni tí ó jókòó síwájú dígí ní òwúrọ̀. Bí ẹni náà bá ṣi ohun tí ó kùn yàn, owó nìkan kọ́ ni yóò ṣòfò. Àṣìyàn náà lè di irorẹ́, irorẹ́ lè di àpá, àpá sì lè ti ènìyàn dé ìdí ìpara tí ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ìkunjú ni a óò pe gbogbo ohun tí a fi ń kun ojú láti bu ẹwà kún un: àtíkè, ìpara aláwọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ojú ń pè ní fandéṣọ̀n, tìróò àti irú wọn. Ìkunjú fúyẹ́ ni èyí tí a kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí awọ ẹni ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀, tí kò di ojú pa bí ẹrẹ̀ tí a fi rẹ́ ògiri. Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìkunjú ni ó yẹ kí ó bá awọ mu. Kò yẹ kí a máa yí awọ padà kí ó lè bá ìkunjú mu.

2. Ojú ṣíṣe lóge láyé àtijọ́

Kí Òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti mọ ojú àti ara í ṣe lóge. Osùn ni a ń lọ̀ títí yóò fi kúnná, tí a fi ń pa ara ìyàwó àti ọmọ tuntun. Bùjé ni a fi ń ya ara ní dúdú, làálì ni a fi ń kun èékánná àti àtẹ́lẹwọ́, tìróò ni a ń lé sí ojú, òrí àti àdín ni a sì fi ń pa awọ tí ọyẹ́ bá gbẹ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a ṣe láti sọ ẹni dúdú di ẹni funfun. Osùn a máa fi pupa kún dúdú, ṣùgbọ́n kì í pa dúdú náà rẹ́. Àṣà náà kò ka dúdú sí ìdíwọ́ fún ẹwà. Ìdí nìyí tí a fi ń ki ènìyàn ní adúmáradán.

Síbẹ̀, pé ohun kan jẹ́ ti àwọn baba wa kò ní kí ó má léwu. Òkúta tí ó ní òjé nínú ni a sábà máa ń lọ̀ ṣe tìróò. Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò tí a mú wá láti Nàìjíríà wò, èyí tí wọ́n ń lé sí ọmọ náà lójú, òjé ni 82.6 nínú 100 rẹ̀. Òjé a máa pa ọpọlọ ọmọdé lára, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a lè pè ní èyí tí kò léwu nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, kò tọ́ kí a lé irú tìróò bẹ́ẹ̀ sí ọmọdé lójú rárá, kò sì yẹ àgbàlagbà náà.

3. Ohun tí ó wà nínú awọ

Ohun mẹ́ta nínú awọ ni ó kan ọ̀rọ̀ wa. Èkíní ni èèpo òde, tí ó tinrín púpọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti má ṣe jẹ́ kí omi ara gbẹ kí ìdọ̀tí má sì wọlé. Èkejì ni àwọn kókó kéékèèké tí ń pèsè ọ̀rá gba inú ihò irun jáde. Ọ̀rá yìí ni ó ń mú ojú dán. Ó pọ̀ níwájú orí, ní imú àti ní àgbọ̀n ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Bí ihò náà bá dí, ọ̀rá á há sínú rẹ̀, irorẹ́ á sì yọ.

Ẹ̀kẹta ni mẹ́lánììnì, èròjà tí ń fún awọ ní àwọ̀ dúdú. Iye àwọn ẹyin ara tí ń ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàrin ènìyàn dúdú àti funfun. Bí èyí tí wọ́n ń ṣe ti pọ̀ tó, àti bí wọ́n ti ń pín in kiri awọ, ni ìyàtọ̀ wà. Mẹ́lánììnì ń dáàbò bo awọ dúdú lọ́wọ́ oòrùn gan-an, ṣùgbọ́n ó ní ìṣe kan tí ó yẹ kí a mọ̀: bí irorẹ́ tàbí ìyún bá mú awọ dúdú, mẹ́lánììnì a máa pọ̀ sí i lójú ibẹ̀, àpá dúdú a sì kù síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà, ìkunjú tí ń di ihò awọ ń jẹ ẹni dúdú níyà lẹ́ẹ̀mejì: ó fún un ní irorẹ́, ó tún fi àpá sílẹ̀ fún un.

4. Oríṣi awọ àti ìkunjú tí ó yẹ wọ́n

Bí a bá fẹ́ mọ oríṣi awọ wa, kí a fi ọṣẹ tí kò le fọ ojú, kí a nù ún, kí a má sì fi ohunkóhun pa á fún nǹkan bí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà kí a fi bébà fẹ́lẹ́ tẹ iwájú orí, imú, àgbọ̀n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́.

(a) Awọ ọlọ́ràá: Bébà yóò mu ọ̀rá níbi gbogbo. Ìkunjú tí a fi omi pò ni ó yẹ irú awọ yìí, kí a sì bu àtíkè díẹ̀ sí ibi tí ń dán nìkan. Kí a yẹra fún òróró àgbọn àti ọ̀rá kòkó lójú, nítorí pé wọ́n a máa di ihò awọ. Bí ojú bá tún dán lọ́sàn-án, bébà ni kí a fi tẹ̀ ẹ́. Bí a bá ń da àtíkè lé ọ̀rá àti òógùn, ẹrẹ̀ ni a ń pò.

(b) Awọ gbígbẹ: Bébà kò ní mu nǹkan kan, awọ yóò sì máa fún ènìyàn. Ó máa ń le jù nígbà ọyẹ́. Kí omi ojú tó gbẹ tán ni kí a ti fi ìpara tí ó ní glycerin tàbí òrí pa á, kí a tó wá kun ìpara aláwọ̀ tí ó lọ́ràá díẹ̀. Àtíkè kò yẹ ẹ́ púpọ̀, nítorí pé yóò fa ìwọ̀nba omi tí ó kù mu, ojú á sì funfun bí eérú.

(d) Awọ aládàlù: Iwájú orí, imú àti àgbọ̀n lọ́ràá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbẹ. Irú èyí wọ́pọ̀. Kí a ṣe ibi kọ̀ọ̀kan bí ó ti rí: àtíkè fún àárín ojú, ìpara fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

(e) Awọ ẹlẹgẹ́: Èyí ni awọ tí ń yún tàbí tí ń ta bí ohun tuntun bá kàn án. Òórùn dídùn tí a ń fi sí ìkunjú wà lára àwọn ohun tí ó sábà máa ń fa èyí. Ìkunjú tí èròjà rẹ̀ kò pọ̀, tí kò sì ní lọ́fínńdà, ni kí a yàn. Kí a kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó fi kan ojú.

5. Àwọ̀ tí ó bá ojú mu

Fún ìgbà pípẹ́, awọ funfun ni àwọn olùṣe ìkunjú fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn onímọ̀ pàápàá kò yọ sílẹ̀. Nígbà tí Thomas Fitzpatrick, oníṣègùn awọ ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà pípín awọ sí ìsọ̀rí kalẹ̀ ní 1975, awọ funfun nìkan ni ó dá lé. Ẹ̀yìn náà ni a tó fi ìsọ̀rí karùn-ún àti ìkẹfà kún un fún aláwọ̀ ilẹ̀ àti aláwọ̀ dúdú. Ní Chicago, àwọn obìnrin tí ń fi aṣọ ṣe àfihàn nínú Ebony Fashion Fair a máa fi ọwọ́ ara wọn po ìkunjú kí wọ́n tó rí èyí tí ó jọ awọ wọn. Èyí ni Eunice Johnson rí tí ó fi dá ilé-iṣẹ́ Fashion Fair sílẹ̀ ní 1973. Ní Nàìjíríà, Tara Fela-Durotoye dá House of Tara sílẹ̀ ní 1998. Ní 2017, Fenty Beauty kó oríṣi àwọ̀ 40 jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá ń ra ìkunjú lónìí kò ní àwáwí mọ́ láti kun àwọ̀ ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Bí ìkunjú kan ṣe yẹ ọ̀rẹ́ ẹni kọ́ ni yóò ṣe yẹ ẹni. Dúdú pàápàá kì í ṣe ọ̀kan: òmíràn ní pupa nísàlẹ̀, òmíràn ní ìyeyè, òmíràn sì dúdú bí aró. Etí àgbọ̀n ni kí a ti dán ìkunjú wò, kì í ṣe ẹ̀yìn ọwọ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni kí a fi wò ó, kì í ṣe iná inú ìsọ̀. Kí a dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ lè dúdú sí i nígbà tí ó bá pàdé ọ̀rá ara. Èyí tí kò hàn mọ́ lójú awọ ni tiwa.

Titanium dioxide tí a ń fi sí àwọn ìpara kan nítorí oòrùn a máa fi àwọ̀ eérú hàn lára ẹni dúdú. Ṣùgbọ́n ìpẹtà irin, pupa, ìyeyè àti dúdú, tí a fi ń pa ìkunjú láró, ń dènà ìmọ́lẹ̀ tí ń mú àpá dúdú pẹ́ lójú. Ìpara oòrùn tí a pa láró báyìí jẹ́ ìkunjú fúyẹ́, ó tún jẹ́ ààbò.

6. Ibi tí ewu wà

Ẹni tí àpá dúdú bá sú ni àwọn oníbíílíìsì ń dọdẹ. Mẹ́kúrì inú àwọn ìpara kan a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn Minamata ti 2013 fi òfin de ìpara tí mẹ́kúrì rẹ̀ bá ju ẹyọ 1 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ní 2023, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú rẹ̀ fẹnu kò pé kí a má ṣe fi mẹ́kúrì sí ìpara rárá. Hydroquinone, bí a bá ń lò ó pẹ́, lè sọ awọ tí a fẹ́ kí ó tàn di dúdú bí aró. Clobetasol, tí ó jẹ́ oògùn oníṣègùn, a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́ tí egbò kò fi ní tètè jinná.

Nítorí náà, kí a ka ara páálí kí a tó sanwó. Kí a wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993. Kí a ka àwọn èròjà rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù ni a sábà máa ń kọ ṣáájú. Bí a bá rí mercury, calomel tàbí mercurio, kí a dá a padà. Bí olùtà kò bá lè fi àkọsílẹ̀ èròjà hàn wá, tàbí tí ó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó pò ó sínú ike, kí a fi í sílẹ̀. Àwòrán ìgò tí ó ṣí, tí a kọ 12M sí, túmọ̀ sí pé oṣù 12 ni a lè lò ó lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i. Kí a má sì yá ẹnikẹ́ni ní igi tìróò tàbí fóòmù àtíkè wa, nítorí pé àrùn ojú a máa gba ibẹ̀ ràn.

7. Ìkádìí

Nínú àlàyé wa, a ti rí i pé ọ̀nà kan ni irorẹ́, àpá àti bíbó ara ń gbà wá. Ìkunjú tí kò bá awọ mu lè ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Bí a bá mọ awọ wa, tí a kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a sì ń fọ ojú kí a tó sùn, ilẹ̀kùn náà yóò wà ní títì. Ojúṣe ìyá, olùkọ́ àti oníṣòwò ni kí àwọn ọmọbìnrin wa mọ èyí kí wọ́n tó dé ìdí ìsọ̀, kí ó má jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni wọn yóò ti kọ́ ọ.