Ṣé jẹ́sì ìpínlẹ̀ ṣì níyì nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Ọsirélíà?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1989, èèyàn 91,960 ló rọ́ wọ Melbourne Cricket Ground, pápá ńlá tí wọ́n ń pè ní MCG, láti wo ìdíje láàárín ìpínlẹ̀ Victoria àti South Australia. Victoria kó Tony Lockett, Jason Dunstall àti Dermott Brereton sí iwájú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fi àmì 86 lu àlejò wọn bolẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún 1999, tí ìpínlẹ̀ méjèèjì tún pàdé ní pápá yẹn, nǹkan bí èèyàn 26,000 péré ló yọjú. Victoria tún borí, ó sì tán síbẹ̀. Fún ohun tó lé ní ọdún 25 lẹ́yìn náà, AFL, àjọ tó ń darí eré náà, kò tún jẹ́ kí àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá ìdíje tí ìpínlẹ̀ kan ti kojú ìpínlẹ̀ mìíràn.

Eré wo tiẹ̀ ni? Kì í ṣe èyí tí Super Eagles ń gbá, kì í sì í ṣe rugby. Èèyàn méjìdínlógún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń sáré lórí pápá tó rí bí ẹyin. Wọ́n lè fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n lè fi ìkúùkù lù ú sí ara wọn, wọ́n sì lè fò gun èjìká alátakò láti hán an lófuurufú. Bí wọ́n bá gbá a gba àárín òpó méjì tó ga jù kọjá, àmì mẹ́fà ni. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́, àmì kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Melbourne Football Club ló kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní 1859, títí di òní kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó lè bá Ọsirélíà wọ̀yá ìjà nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tó bá mókè mọ̀ pé jẹ́sì orílẹ̀-èdè ń dúró dè é. Ti Ọsirélíà kò ní irú rẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń yan ẹgbẹ́ All-Australian, ìyẹn àwọn tó dára jù lọ ní sáà náà. Wọ́n á fún wọn ní kóòtù, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí, torí kò sẹ́ni tí wọ́n máa bá gbá. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, jẹ́sì ìpínlẹ̀ ló wà lókè téńté.

Victoria àti South Australia kọ́kọ́ pàdé ní 1879, nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣì jẹ́ ilẹ̀ àmúnisìn lábẹ́ Ọbabìnrin Victoria. Ní 1908, wọ́n pe gbogbo ìpínlẹ̀ jọ sí Melbourne fún ìdíje àjọ̀dún àádọ́ta ọdún eré náà, New Zealand pàápàá sì wá. Àmọ́ owó kò jẹ́ kí ìdíje náà dọ́gba. Àwọn ẹgbẹ́ Melbourne ló lówó lọ́wọ́, àwọn ló sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n gbá láti Perth, Adelaide àti Tasmania. Graham Farmer, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Polly, jẹ́ ọmọ Western Australia tí ẹgbẹ́ East Perth sọ di èèyàn ńlá. Ó kó lọ sí Geelong ní 1962, kò sì pẹ́ tó fi ń wọ jẹ́sì Victoria. Ọmọ tí ẹ tọ́ dàgbà á kúrò nílé, ilé tó lọ á sì máa fi í ṣe akọ sí yín.

Ọdún 1977 ni àwọn ará Perth rí ojútùú rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, Victoria fi àmì 63 na Western Australia lábẹ́ òfin àtijọ́. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n tún pàdé ní Subiaco Oval, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kálukú padà sí ìpínlẹ̀ tó ti wá. Wọn kò wo ìlú baba ẹni bí ìjọba Nàìjíríà ṣe máa ń wò ó nínú fọ́ọ̀mù. Ibi tí ẹgbẹ́ ńlá ti wá mú ọ lọ ni wọ́n wò. Western Australia fi 151 na 57 Victoria. Nínú oṣù mẹ́rin, àìdọ́gba àmì 63 ti di àìdọ́gba àmì 94 sí apá kejì, gbogbo ohun tó sì yí padà kò ju àwọn tó wọ jẹ́sì lọ. Bí State of Origin ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e dùn. South Australia na Victoria ní Adelaide ní 1983. Ní 1986, Western Australia fi àmì mẹ́ta péré borí ní Perth, 137 sí 134, ìdíje tí àwọn arúgbó ibẹ̀ kò yé ròyìn. Ní 1990, New South Wales àti Tasmania, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, na Victoria lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Victoria fúnra rẹ̀, ọkùnrin kan ló gbé ìdíje yìí lé èjìká: Ted Whitten, ọmọ Footscray, tó ń fi tagbára-tagbára polówó jẹ́sì tí lẹ́tà V funfun wà láyà rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1995, àrùn jẹjẹrẹ ti mú un, kò sì ríran dáadáa mọ́. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yí MCG ká ṣáájú ìdíje pẹ̀lú South Australia, àwọn òǹwòran dìde, ọ̀pọ̀ ń sunkún. Ó kú ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn.

Kí ló wá pa State of Origin? Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ẹgbẹ́ ni kò fẹ́ ẹ, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ló ń sanwó oṣù. Bí orúnkún bá yẹ̀ lára agbábọ́ọ̀lù nínú ìdíje ìpínlẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa ṣaláìní i fún ìyókù sáà. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó. Ohun tó tóbi jù ni pé ìjà náà ti rí ibòmíràn wọ̀. West Coast Eagles wọ líìgì ní 1987, Adelaide Crows ní 1991, Fremantle ní 1995, Port Adelaide ní 1997. Nígbà tí West Coast gba ife ẹ̀yẹ lọ sí Perth ní 1992, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó wá láti òde Victoria tó ṣe bẹ́ẹ̀, ara tu àwọn èèyàn ibẹ̀ ju bí ìdíje ìpínlẹ̀ kan ṣe lè tù wọ́n lọ. Ẹni tó lè na àwọn ará Melbourne lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ló tún ń dúró de ọjọ́ kan lọ́dún fún?

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe pẹ̀lẹ́, torí rugby league fẹ́ tú àlàyé yìí ká. Ní 1980, Queensland àti New South Wales mú àwòkọ́ṣe látinú ohun tí Perth ṣe, Arthur Beetson sì ṣáájú Queensland ní Brisbane nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 35. Brisbane Broncos wọ líìgì wọn ní 1988, síbẹ̀ ìdíje ìpínlẹ̀ wọn kò kú. Ó wà lára ètò tí àwọn ará Ọsirélíà ń wò jù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ méjì péré ló wà nínú ọ̀ràn tiwọn, agbára wọn sún mọ́ra, wọ́n sì ń gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún tí kàlẹ́ńdà líìgì ń yà fún un. Nínú eré tí à ń sọ, ẹgbẹ́ mẹ́wàá nínú méjìdínlógún AFL ló wà ní Victoria. Ta ni kí Victoria bá jà? Bí ó bá jẹ́ South Australia, Western Australia á bínú. Bó bá sì jẹ́ àwọn méjèèjì, níbo ni kí ọmọ Sydney tàbí ọmọ Darwin wọ̀?

Ìdáhùn tí AFL ń mú wá kò dára rí, lójú tiwa. Ní 2008, wọ́n fi Victoria kojú àkójọpọ̀ tí wọ́n pè ní Dream Team. Ní oṣù Kejì 2020, ó di All Stars, láti kówó jọ fún àwọn tí iná igbó jó nílé. Àwọn obìnrin gbá tiwọn ní 2017: Victoria fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún àmì na àwọn tí wọ́n pè ní Allies. Èrò wá sí ti 2008 àti 2020 dáadáa, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Dream Team kò ní ìlú, kò ní ọtí tó ń mu, kò ní ẹ̀gàn àtọdúnmọ́dún tó fẹ́ gbẹ̀san. Ní 2025, AFL gbà, wọ́n kéde pé Western Australia àti Victoria á pàdé ní Perth ní oṣù Kejì 2026. Ìpínlẹ̀ gidi méjì ni wọ́n mú, èyí sì dára ju gbogbo ohun tí wọ́n ti dán wò lọ. Síbẹ̀, wọ́n fi í sí ìgbà tí líìgì kò tíì bẹ̀rẹ̀, kí ìpalára má bàa dí ẹgbẹ́ kankan lọ́wọ́ jù.

Ibi tí jẹ́sì ìpínlẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n alẹ́. Nínú ìdíje àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún 18 lọ ni. Victoria lágbára débi pé wọ́n pín in sí méjì níbẹ̀, ti ìlú ńlá àti ti ìgbèríko. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ AFL dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, torí nínú àwọn ọmọ yìí ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ti mú tiẹ̀ lópin ọdún. Ọmọ Perth lè bá ara rẹ̀ ní Brisbane kó tó pé ogún ọdún. Ìdíje yẹn lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn tí ó máa gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ tó bí i.

Tasmania ni ó wá kù. Wọ́n na Victoria ní Launceston ní 1960, wọ́n tún nà án ní Hobart ní 1990, ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yẹn wọn kò ní ẹgbẹ́ nínú líìgì ńlá. Ní 2023, AFL fún wọn láyè, ẹgbẹ́ Tasmania Devils ni wọ́n sì ṣètò pé kó bẹ̀rẹ̀ ní 2028. Nígbà tí wọ́n fi jẹ́sì rẹ̀ hàn ní 2024, àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa ni, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ Tasmania àti lẹ́tà T láyà: jẹ́sì ìpínlẹ̀ àtijọ́ náà ni. Èèyàn tó lé ní 200,000 ló san dọ́là mẹ́wàá-mẹ́wàá láti di ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí ẹgbẹ́ náà kò tíì ní agbábọ́ọ̀lù kankan. Gbogbo èrò Tasmania kò pé 600,000.